Ìtọ̀ ń jó mi, oògùn tí wọ́n fún mi n'Íbàdàn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fún àbúrò mi ní London. Èwo ni kí n lò?

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìjẹta ni ìtọ̀ ti ń jó mi. Bí mo bá tọ̀ tán báyìí, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi máa gbọ̀n mí, tí mo bá sì tún jókòó, ẹ̀kán méjì péré ni yóò kán. Kò sí ibà, ẹ̀yìn kò dùn mí, kò sí nǹkan kan tó ń jáde lójú ara, mi ò sì lóyún. Mo lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò wa, wọ́n di Cipro àti Flagyl fún mi, wọ́n ní kí n lò ó fún ọjọ́ márùn-ún.

Àbúrò mi tó wà ní London ní irú ẹ̀ gan-an lóṣù tó kọjá. Kò dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá, apòògùn ló fún un ní nitrofurantoin ti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lọ. Òun ló ní kí n má tíì fọwọ́ kan Cipro yẹn. Àìsàn kan náà ṣáà ni. Kí ló dé tí oògùn wọn ò bára mu? Kí ẹ tó bèèrè: ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ó ti ṣe mí rí lọ́dún yìí, Cipro náà ni mo lò nígbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Gbági (7:40 àárọ̀)

Àbúrò, má fi ara ẹ ṣeré. Cipro ni baba wọn. Lò ó, mu omi púpọ̀. Tí kò bá lọ, wá nọ́ọ̀sì kó fún ẹ ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọjọ́ márùn-ún, á wẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ kúrò lára. Oògùn àwọn ará London ò lágbára. Kòkòrò tiwa ò jọ tiwọn.

Ìyá_Ẹlẹ́ja (7:58 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ilé ìgbẹ́ gbogboogbò ni wọ́n ti ń kó o. Má jókòó síbẹ̀ mọ́, máa ṣe lóòró.

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (9:05 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ apòògùn ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dé iwájú mi lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Flagyl kúrò ńbẹ̀. Flagyl ń pa àmíbà, ó sì ń pa àwọn kòkòrò kan tí kì í gbé níbi tí atẹ́gùn wà, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún inú rírun kan àti àwọn àìsàn ojú ara kan. Kòkòrò tó ń mú kí ìtọ̀ jóni kò sí lára wọn. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí àpò ìtọ̀ wọn kó àrùn báyìí, ó ju méje lọ tó jẹ́ pé E. coli ló fà á. Inú ìfun tiwa fúnra wa ni E. coli ń gbé. Láti ìdí ló ti ń rìn wá sójú ọ̀nà ìtọ̀, ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin sì kúrú, kò pẹ́ kó tó dé inú àpò. Màmá Ẹlẹ́ja, ẹ má bínú, ìjókòó ilé ìgbẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ṣíṣe é lóòró gan-an kì í jẹ́ kí àpò ìtọ̀ gbẹ tán dáadáa.

Bí mo ṣe sọ nípa Flagyl náà ni mo máa sọ nípa Ampiclox tí gbogbo ayé ń rà bí ẹní ra bisikíìtì. Apá kan nínú ẹ̀ kò ṣe E. coli ní nǹkan kan, èyí tó kù sì rèé, E. coli púpọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó wá ku Cipro. Cipro máa ń pa E. coli tó bá ṣì ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tiyín ni pé ẹ ti lò ó lọ́dún yìí. Àwọn kòkòrò tí oògùn yẹn kò rí pa nígbà yẹn ló ṣeé ṣe kó kù nínú ìfun yín, àwọn náà ló sì ṣeé ṣe kó tún rìn wá báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi aláìsàn nìyẹn: oògùn kòkòrò wo lẹ lò láàárín oṣù díẹ̀ sẹ́yìn? Bí ó bá dárúkọ ẹ̀, mi ò ní tún un gbé sílẹ̀ láìjẹ́ pé ìwé láàbù wà lọ́wọ́ mi.

Ohun kejì: ibo ni àrùn náà wà? Bí ó bá mọ sí àpò ìtọ̀ bíi tiyín yìí, oògùn tó ń kóra jọ sínú ìtọ̀ la nílò. Nitrofurantoin gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e mì, kíndìnrín á tètè jọ̀ ọ́ sínú ìtọ̀, níbi tí kòkòrò wà. Èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í wo àrùn tó bá ti gòkè dé kíndìnrín. Nítorí náà, bí ibà bá dé, tí òtútù ń gbọ̀n yín, tí ìhà ń dùn yín lábẹ́ egungun ìhà, tàbí tí ẹ̀ ń bì, ẹ má dúró ti ìwé àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Ohun kẹta: ta ni aláìsàn náà? Ṣé ó lóyún? Ṣé ọkùnrin ni? Ṣé kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó wà lára àwọn tí kánfọ̀ inú aṣọ tàbí oògùn ibà kan ti sọ ìtọ̀ wọn di dúdú bíi Coke rí? Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní G6PD tó nìyẹn, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa, pàápàá àwọn ọkùnrin. Nitrofurantoin lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn. Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Gbági (9:31 àárọ̀)

Apòògùn, ẹ kú ìmọ̀ o. Ṣùgbọ́n Cipro ni mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti wà n'Ífẹ̀, kò já mi kulẹ̀ rí. Oògùn tó lágbára jù ló yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó bàa lè pa á pátápátá.

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (10:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í fi àdá gé èékánná.

Agbára ò jẹ́ nǹkan kan bí oògùn ò bá dé ibi tí kòkòrò wà tàbí bí kòkòrò ò bá gbọ́ ọ. Láti 1953 ni nitrofurantoin ti wà lórí àtẹ. Títí dòní, E. coli púpọ̀ ṣì ń kú sọ́wọ́ ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tó ń gbà pa kòkòrò ju ẹyọ kan lọ. Kòkòrò tó bá fẹ́ sá fún un gbọ́dọ̀ sá fún oríṣi ìkọlù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni Proteus àti àwọn kan bẹ́ẹ̀, wọn ò sì pọ̀ tó E. coli.

Ní ti Cipro, kì í ṣe pé mo kórìíra ẹ̀. Ní 2016, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi òun àti àwọn ìbátan ẹ̀ bí ofloxacin àti levofloxacin wo àrùn àpò ìtọ̀ tí kò le bí oògùn mìíràn bá wà. Ó lè fa ìpalára fún iṣan, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ó lè já, kéèyàn má lè rìn. Cipro lè kan ọpọlọ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún mú òfin tiwọn le sí i ní oṣù kìíní 2024. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti pín àwọn oògùn kòkòrò sí ìsọ̀rí mẹ́ta láti 2017: àwọn tó yẹ ká kọ́kọ́ mú, àwọn tó yẹ ká máa ṣọ́ lò, àti àwọn tí a fi pamọ́ fún ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá le. Nitrofurantoin àti Septrin wà nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́. Cipro àti ceftriaxone wà nínú ìkejì.

Ti gentamicin, ẹ jọ̀ọ́. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó lè di etí. Bí mo bá rí ẹni tó ń fi gún ara fún ìtọ̀ lásán láìsí dókítà, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Tọ́lá_Peckham (10:20 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níbí. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2024 ni wọ́n ti fún àwọn apòògùn ní England láṣẹ láti fún obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 64 ní nitrofurantoin láìrí dókítà, tó bá jẹ́ pé àrùn àpò ìtọ̀ tí kò le ni. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ìtọ̀ ń jó ọ, ṣé ìtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí jí ọ lóru, ṣé ìtọ̀ ti rú, tí kò mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí méjì nínú mẹ́ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á fún ọ: kápúsù kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, ọjọ́ mẹ́ta. Bí o bá lóyún, bí ibà bá wà, bí ó bá ń padà wá léraléra, wọn ò ní fún ọ, wọ́n á ní kí o lọ rí dókítà. Ọkùnrin ò sí nínú ètò yẹn.

Torí náà kì í ṣe pé oògùn wa ò lágbára o, Ẹ̀gbọ́n 😄 Ó ní ẹni tí wọ́n ṣe é fún ni.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá (11:15 àárọ̀)

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Apòògùn, kánfọ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan rí, mo ti lo oríṣiríṣi oògùn ibà, ìtọ̀ mi ò dúdú rí. Ṣé kí n lọ ra nitrofurantoin báyìí? Àbí Septrin? Ó kù nílé.

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (11:48 àárọ̀)

Ẹ má lo Septrin tó kù nílé. Oògùn dáadáa ni níbi tí kòkòrò bá ṣì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó bá ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún E. coli àgbègbè kan lọ tí kò gbọ́ Septrin mọ́, kí wọ́n má fi bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, àwọn àyẹ̀wò tó ń jáde láti ilé ìwòsàn ti kọjá ibẹ̀ jìnnà. Fún àwọn tí ara wọn ò gba sulfa tó wà nínú ẹ̀, ó tún lè bó awọ ara.

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tiyín nìyí, ǹ bá ní kí ẹ lo nitrofurantoin láìṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ti padà wá lọ́dún kan náà lẹ́yìn Cipro. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ kí oògùn kankan tó wọnú yín. Bí ẹ bá ti tọ̀ sínú ìgò láàbù tán, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nitrofurantoin lọ́jọ́ náà, kí ẹ má bàa máa jìyà títí èsì á fi jáde.

Ọmọ_Láàbù (12:30 ọ̀sán)

Àǹtí, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó lọ. Èmi ni mo máa ń gba ìgò yẹn lọ́wọ́ èèyàn, ìdajì èsì burúkú tó ń jáde ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ẹni tó tọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba ìgò tí láàbù fúnra wọn fún yín. Ẹ má lo ìgò omi, ẹ má lo ike Bournvita (mo ti rí i!). Ẹ fi omi lásán fọ ojú ara, ẹ la á, kí ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí ẹ fi ìgò gba ti àárín, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù lọ. Kó dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, kó wà nínú fíríìjì. Oòrùn Ìbàdàn lórí ọ̀kadà máa ń mú kòkòrò dàgbà nínú ìgò, a ó sì máa kà á bí ẹni pé láti ara yín ló ti wá.

Ní láàbù, a máa fi í sínú oúnjẹ kòkòrò di ọjọ́ kejì. Bí ó bá hù tó ọ̀kẹ́ márùn-ún nínú mílílítà kan, ìyẹn 100,000, tó sì jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, a máa gbà pé òótọ́ ni. Bí oríṣi mẹ́ta bá jọ hù pọ̀, ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́, ká tún un ṣe ló yẹ. Lẹ́yìn náà la ó fi oògùn lóríṣiríṣi dán kòkòrò náà wò. Lórí ìwé, S ni oògùn tó ń ràn, R ni èyí tí kòkòrò ò gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lọ́kàn mi, mo sì máa sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá rí "Staph" lórí ìwé láàbù ló máa ń sunkún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn staph lórí Facebook. Staphylococcus aureus nínú ìtọ̀ kò wọ́pọ̀. Ara awọ ló máa ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń já sínú ìgò. Bí ìtọ̀ ò bá jó ẹ, tí kò sí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ nínú àpò ìtọ̀ rẹ, tí o kò sì ní ibà, ìgò yẹn ló yẹ kó o tún ṣe kó o tó ná owó sórí oògùn staph.

Olórí_Àgbo (1:10 ọ̀sán)

Gbogbo gírámà yìí. Èmi máa ń se ewé pẹ̀lú ògógóró, ọjọ́ kan, ìtọ̀ á lọ geere.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (1:26 ọ̀sán)

Ìtọ̀ á lọ geere nítorí pé omi inú ìkòkò yẹn pọ̀ ni. Àrùn àpò ìtọ̀ kékeré tún máa ń lọ fúnra ẹ̀ lára àwọn obìnrin kan, ewé á sì gba ìyìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kíndìnrín ni àrùn náà wà ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó dá ẹnikẹ́ni dúró sílé nígbà tí ibà bá wà lára, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju ìyẹn lọ.

Ìyá_Ayọ̀_Ìlọrin (3:44 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ti di oṣù kẹsàn-án nínú oyún. Ìtọ̀ ò jó mi rárá, ara mi le. Ṣùgbọ́n ní ibi tí mo ti ń gba kílínìkì, wọ́n ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀ mi, kí n lo oògùn. Ṣé dandan ni? Mo sì ní nitrofurantoin tí ọ̀rẹ́ mi fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (4:20 ọ̀sán)

Màmá Ayọ̀, ẹ kú ewu oyún. Ẹ̀yin gan-an ló pọn dandan fún. Ẹlòmíràn tí kòkòrò wà nínú ìtọ̀ ẹ̀ láìsí ìnira, a máa ń fi sílẹ̀ ni. Ti aboyún yàtọ̀: bí a kò bá wò ó, ó lè gòkè lọ sí kíndìnrín, ó sì lè mú kí ọmọ wá ṣáájú àkókò.

Nitrofurantoin tọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín yẹn, ẹ dá a padà. Ní àárín oyún, a máa ń lò ó. Nígbà tí ìbímọ bá ti wọlé dé báyìí, a kì í fún aboyún, nítorí pé ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Septrin náà kò dára lásìkò yìí, torí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ọmọ tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún pàápàá, kò dára, ó ń dí fólíìkì lọ́wọ́, èyí tí ọmọ fi ń dá ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ. Cipro, a kì í fún aboyún bí nǹkan mìíràn bá wà.

Ohun tó sábà máa ń kù fún irú yín ni cefalexin, tàbí amoxicillin bí ìwé láàbù bá kọ S sí iwájú ẹ̀. Ẹ béèrè ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ẹ wo orúkọ tí wọ́n kọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìtọ̀ yín yẹ̀ wò.

Bàbá_Ìjọ (6:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọkùnrin ni mí, mo ti pé ọdún 58. Ìtọ̀ ń jó mi, kò sì lọ tán, ó máa ń kán sínú ṣòkòtò lẹ́yìn tí mo bá ti dìde. Ṣé kí n bá ìyàwó mi lo nitrofurantoin tó kù lọ́wọ́ ẹ̀?

Dókítà_Òru (8:15 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, bàbá. Ẹ má lò ó, sà. Ọkùnrin tó ti tó ọjọ́ orí yín tí ìtọ̀ ń jó, tó sì ń kán lẹ́yìn, próstéètì, ẹṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Nitrofurantoin kì í wọ inú próstéètì. Yóò dà bíi pé ó ń lọ, lọ́sẹ̀ kejì yóò tún dé. Oògùn tó ń wọ ibẹ̀ dáadáa ni Cipro, levofloxacin àti Septrin. (Ẹ̀gbọ́n Gbági, ibi tí Cipro yín ti yẹ nìyí, ẹ máa dunnú.)

Ṣùgbọ́n, bàbá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ kí ẹ tó lo ìkankan, kí dókítà sì yẹ próstéètì yín wò. Bí àpò ìtọ̀ nìkan bá ni, ọjọ́ méje tó fún ọkùnrin tí kò ní ibà. Bí próstéètì bá ti kó àrùn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú káàdì ẹ̀ dání. Bí ìtọ̀ bá dí pátápátá tàbí tí ibà dé, ẹ má ṣe sùn mọ́jú.

Ọmọ_Ọ̀ṣogbo (9:03 alẹ́)

Dókítà, ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ mẹ́nu bà yìí dẹ́rù bà mí. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin, ìtọ̀ ṣúgà wà lára wọn, lisinopril ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò gbogbo ara, láàbù ní kòkòrò wà nínú ìtọ̀, kẹ́míìsì sì fún wọn ní Septrin. Ìtọ̀ ò jó wọn o. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré.

Dókítà_Òru (9:37 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí màmá dáwọ́ Septrin dúró lálẹ́ yìí, kí ẹ pe dókítà wọn láàárọ̀. Septrin pẹ̀lú lisinopril lè mú pòtásíọ̀mù pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ìyẹn sì lè da ìlù ọkàn rú. Spironolactone, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, náà wà lára èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Ẹni tó ń lo warfarin gan-an, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí ó bá fi Septrin kún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣàn jù.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé màmá ò nílò oògùn kòkòrò kankan, bí a bá wo bí ẹ ṣe ṣàlàyé. Nínú ìtọ̀ àgbàlagbà obìnrin, ó wọ́pọ̀ ká rí kòkòrò tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ìtọ̀ ṣúgà ò sì yí ìyẹn padà. Bí a bá ń fi oògùn lé e, èyí tó máa padà wá á gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ará_Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ dákun, ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mọ́kànlá, ẹ̀jẹ̀ máa ń tẹ̀lé ìtọ̀ ẹ̀ ní ìparí. Ìlú wa kò jìnnà sí Odò Ọ̀yán. Wọ́n ti fún un ní Cipro, wọ́n ti fún un ní Ampiclox, kò lọ.

Ọmọ_Láàbù (7:25 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, àtọ̀sí ajá nìyẹn ń jọ. Aràn inú omi ló ń fà á, ara ìgbín omi ló ti ń jáde tó fi ń gba awọ ara wọlé nígbà tí ọmọ bá lúwẹ̀ẹ́. Àgbègbè ìdídò Ọ̀yán ti ní in fún ọdún pípẹ́. Kò sí oògùn kòkòrò tó lè wò ó. Ẹ gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá sí láàbù láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ìgbà yẹn ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ nínú ìtọ̀. Praziquantel ni wọ́n máa fún un, wọ́n á wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó kí wọ́n tó fún un.

Ṣọlá_Houston (3:15 ọ̀sán)

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: pivmecillinam tí àwọn ará Denmark àti Sweden ti ń lò fún ìtọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2024 ni. Fosfomycin náà wà, ìyẹn tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gíráàmù mẹ́ta. Ó wúlò nígbà tí kòkòrò bá ti ń lé gbogbo oògùn padà.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá (Ọjọ́bọ̀, 5:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo dé o. Mo ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé, ìtọ̀ àárín gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Láàbù ṣe sọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ nitrofurantoin lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwé ti jáde. E. coli, ó lé ní 100,000. R ni amoxicillin, Septrin, Cipro àti ofloxacin. S ni nitrofurantoin, gentamicin, ceftriaxone àti meropenem.

Ẹni tó fún mi ní ìwé ní kí n gba abẹ́rẹ́ ceftriaxone, torí pé S ni, á yára. Àmọ́ ìtọ̀ ò jó mi mọ́ láti àná.

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (6:05 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ò rí i? Cipro tí wọ́n dì fún yín, R ló jẹ́.

Ẹ má gba abẹ́rẹ́. Bí S bá wà níwájú oògùn mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń ran kòkòrò yẹn nínú ìgò láàbù. Ìwé ò sọ èyí tó yẹ yín. Ceftriaxone jẹ́ ti ẹni tí àrùn ti dé kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀. Meropenem, ká má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀ nílé. Nínú S mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó rọrùn jù, tó ṣeé gbé mì, tó sì dé àpò ìtọ̀ ni ká mú, ẹ sì ti wà lórí ẹ̀. Ẹ lò ó pé ọjọ́ márùn-ún: bí ó bá jẹ́ kápúsù 100 mílígíráàmù tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tó jẹ́ 50 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Oúnjẹ ni kí ẹ máa fi tì í, inú kì í fẹ́ràn ẹ̀ lófìfo.

Àdùkẹ́_Mọ́kọ́lá (6:18 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, Apòògùn. Ìtọ̀ mi wá pọ́n bíi tíì Lipton láti àárọ̀ àná, ìyẹn ló tún ń dẹ́rù bà mí báyìí.

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (6:22 ìrọ̀lẹ́)

Oògùn yẹn ló ń pa ìtọ̀ láró bẹ́ẹ̀. Yóò mọ́ bí ẹ bá lò ó tán. Bí ẹyinjú yín bá pọ́n rúsúrúsú bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tí àárẹ̀ mú yín, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi Coke, ìyẹn ni kí ẹ fi dáwọ́ ẹ̀ dúró, kí ẹ sì pè mí. Bákan náà bí ikọ́ tàbí ìmí tó ń sá bá dé. Bí ìtọ̀ ò bá jó yín mọ́ lẹ́yìn oògùn, kò sí ìdí láti tún àyẹ̀wò ṣe. Bí ó bá sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìgò tuntun ni o, ẹ má padà sí ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n_Gbági (7:01 alẹ́)

Ó dáa, mo gbà. Àmọ́ sáṣẹ́ẹ̀tì Cipro kan wà nínú dúróọ̀ mi tó kù lọ́dún tó kọjá. Ṣé kí n jù ú sí gọ́tà?

Apòògùn_Dúgbẹ̀ (7:09 alẹ́)

Ẹ má jù ú sí gọ́tà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sì fún aládùúgbò. Ẹ gbé e wá sí ilé oògùn, a ó bá yín dà á nù.